Ọmọ Tó Tẹ̀wọ̀n Jù Lọ ní Fangaloto

Ní ìlú Fangaloto, létí òkun Tonga, ọmọ ìkókó kì í ṣàìsàn láìgba àṣẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá ń rù, tí ojú rẹ̀ ń jìn wọnú, ìyá rẹ̀ kò lè gbé e wọ wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó ní ilé ìwòsàn ńlá, àfi tí dókítà ẹ̀ka ìlera ìlú bá fọwọ́ síwèé fún un. Àwọn tó ṣe òfin náà rò ó re. Wọ́n fẹ́ kí dókítà kan máa fojú rí gbogbo ọmọ ìlú, kí ó tètè mọ èyí tí ń rù. Òfin tó dára dà bí ọ̀bẹ tó mú: ọwọ́ tó dì í mú ni kí a wò.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọwọ́ Dókítà Penisimani Hala'ufia ló wà.

Dókítà Penisimani lo ọdún méje ní Ọsirélíà, bí ó bá sì ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé Ọsirélíà ló wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Iṣu ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, iṣu náà sì dára. Ṣùgbọ́n ní Tonga, èdè tí a fi ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń bá ọmọ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, Dókítà sì ti jẹ́ kí ó yé gbogbo òṣìṣẹ́ irú èyí tí etí òun fẹ́ràn. Bí ẹlòmíràn bá jẹun, ó jẹun. Bí Dókítà bá jẹun, ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sára pákó pé: Olórí Ìlera Ìkókó, Alábòójútó Wàrà, Bàbá Gbogbo Ọmọ Ọwọ́. Ìjọba ló fún un ní oyè àkọ́kọ́. Òun ló fún ara rẹ̀ ní méjì yòókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìwọ̀n. Láti aago méje àárọ̀ ni àwọn ìyá ti máa ń tò sínú gbọ̀ngàn. Dókítà kì í dé ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Bí ó bá dé, akọ̀wé rẹ̀ tí ń jẹ́ Sateki á ké pé, "Wọ́n ti ń bọ̀!" gbogbo ènìyàn á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé orí ẹni kékeré kò gbọdọ̀ ga ju orí ẹni ńlá lọ. Wọ́n á kọ orin kan, wọ́n á gbàdúrà kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ọ̀rọ̀ ìyànjú náà kì í dín ní ogójì ìṣẹ́jú, ohun kan náà ló sì máa ń dá lé: àǹfààní ọmú ìyá. Nígbà tí ó bá ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá kankan kò gbọdọ̀ fún ọmọ lọ́mú. Àfojúdi ni. Àwọn ọmọ á máa ké bí ẹyẹ òkun, Dókítà á sì gbé ohùn borí igbe wọn: "Ọmú, ẹ̀yin ìyá! Ẹ má fi ọmú du ọmọ!"

"Òótọ́ pọ́ńbélé, sà," ni Sateki á wí. Ìwé kíkọ ni ìjọba gbà á fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Meliame ló ń wọn àwọn ọmọ. Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Bí ó bá gbé ọmọ, apá rẹ̀ á ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀. Dókítà kì í fọwọ́ kan ọmọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. "Ọpọlọ ni èmi fi ń ṣiṣẹ́," ni ó máa ń wí. "Àwọn nọ́ọ̀sì ló ni ọwọ́."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tó fọwọ́ kan ọmọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Oníwèé ìròyìn kan wá ya fọ́tò. Ó ní kí Dókítà gbé ọmọ kan mọ́ra, kí àwòrán lè dùn-ún wò. Dókítà wò yíká, ó mú èyí tó sanra jù, ọmọkùnrin oṣù márùn-ún kan tí ń jẹ́ Fonua, níhòòhò bí wọ́n ṣe gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n. Fonua wo kámẹ́rà. Ó wo ojú Dókítà. Ó sì tọ̀.

Kì í ṣe ìtọ̀ kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà Dókítà, ó sì parí sí ẹní tó ró mọ́ ìbàdí, ẹní ọ̀wọ̀ tí àwọn ará Tonga ń pè ní ta'ovala, èyí tí ènìyàn kì í ṣàìró bí ó bá ń lọ síwájú ẹni ńlá. Ti Dókítà ti gbó létí, ó sì máa ń sọ pé bàbá bàbá òun ló fi gbéyàwó. Ọjà ẹ̀bá èbúté ló ti rà á ní oṣù kẹta. Meliame wà níbẹ̀. Ó ń ra ẹja.

Àwọn ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ètè mọ́nú títí omi fi lé ròrò lójú wọn. Fonua nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Dókítà kò sọ̀rọ̀ ọmú.

"Ẹ̀yin ará Fangaloto," ó ní, "bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ kì í ró ẹní? Bí ẹ bá ń lọ síwájú ìjòyè, ṣé ẹ kì í ró ẹní? Kí wá ni ẹ pe ibí yìí, ìsọ̀ ẹlẹ́ja? Láti òní lọ, kò sí ẹ̀dá kankan, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí i, tí yóò tún wá síwájú òṣùwọ̀n ìjọba níhòòhò. Ẹní àti okùn, ẹ̀yin ìyá! Ọmọ tí kò bá bọ̀wọ̀ fún ọ́fíìsì ní ìkókó, ìgbà wo ni yóò bọ̀wọ̀ fún un?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé, sà!"

Meliame na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ó tú ẹní náà ká tó gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n ni?"

Dókítà wò ó bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, bí ìwọ bá lọ síwájú ọba, ṣé ẹnu ọ̀nà ni wàá ti tú tìrẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe fìdí múlẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n ra òṣùwọ̀n tuntun láti Auckland lókè òkun, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí aago ilé ìjọsìn. Wọ́n gbé ojú òṣùwọ̀n náà kọ́ sókè lára ògiri, kí Dókítà lè máa kà á láti orí pèpéle rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́fà síbi tí ọmọ wà. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ kankan kò lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dókítà náà mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ìyìn a máa gbàgbé rẹ̀ fún ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ọmọ Fangaloto fi kílò kan àti àbọ̀ sanra. Dókítà wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ó wo ọmọ tó kàn, ó tún wo abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀.

"Sateki! Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ọmú fún wọn, ó tó ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́fà, sà."

"O ò rí i? Irúgbìn ni! Ó ti hù! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti di ẹran lára ọmọ!"

"Ẹran tútù, sà. Mo ń rí i."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìyá ọmọ tó bá tẹ̀wọ̀n jù lórí rédíò. Ta ni kì í fẹ́ kí rédíò pe orúkọ òun? Ẹní àwọn ọmọ ń nípọn sí i. Ẹní ìgbéyàwó jáde nínú àpótí. Ẹní ìsìnkú jáde, èyí tí àgbàlagbà fi ń bo ara láti àyà dé kókósẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta, bí ẹ bá wo ìlà àwọn ìyá láti ẹ̀yìn, ẹ ó rò pé oníṣòwò ẹní ni gbogbo wọn.

"Ìyá Fonua, èyí tó o gbé dání yìí, ọmọ ni àbí ọkọ̀ ojú omi?"

"Kí ló kàn ọ́? Tìrẹ ńkọ́? Mo wá ọmọ inú ẹ̀, mi ò rí i. Ṣé o rántí gbé e wá láti ilé ṣá?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké ni."

"Ẹní ló ké."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Sateki á ké pé wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n á sì jókòó sílẹ̀.

Meliame kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ohun tí apá rẹ̀ bá sọ fún un síbẹ̀. Apá rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú Auckland. Nígbà tí ó mú ìwé náà tọ Dókítà lọ, Dókítà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà sí gbogbo rẹ̀. "Apá," ó ní. "Wọ́n ra òṣùwọ̀n fún wa láti òkè òkun, ìwọ ń fi apá wọn nǹkan. Ọ̀làjú ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, rédíò kéde pé ní Fangaloto, kò sí ọmọ tó rù mọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù ìkókó. Ní olú ìlú, wọ́n ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ń bọ̀.

Ó dùn bẹ́ẹ̀, àfi ní ilé Màmá Kalolaine.

Màmá Kalolaine ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, nínú ilé pákó kan tí igi eléso ńlá tí wọ́n ń pè ní igi búrẹ́dì ṣíji bò. Ọmọbìnrin rẹ̀, Losa, ti lọ já èso àjàrà ní Ọsirélíà, ó sì fi Siale, ọmọ oṣù mẹ́ta, sílẹ̀ fún un. Wàrà agolo ni Màmá ń fún un. Agolo tó yẹ kó tó ọ̀sẹ̀ kan, Màmá ń fi omi nà án di mẹ́ta, nítorí pé ní ojú tirẹ̀, ohun tó bá funfun, wàrà ni. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Siale pé oṣù méje, ọrùn rẹ̀ kò gbé orí rẹ̀ dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá gbé e wá nínú ẹní, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Òṣùwọ̀n Auckland ní kílò méje. "Ó dára!" ni Dókítà ké láti òkè. "Ẹlòmíràn!" Ṣùgbọ́n apá Meliame ti gbé e, apá rẹ̀ sì ti dákẹ́ lọ́nà tó bà á lẹ́rù.

Ní ọ̀sán, ó lọ sí ilé Màmá. Ó yá òṣùwọ̀n ìkọ́ tí apẹja aládùúgbò fi ń wọn ẹja, wọ́n tú ẹní lára Siale, wọ́n gbé e sínú àpò ìrọ̀rí, wọ́n gbé e kọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ẹní náà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́ta. Siale jẹ́ kílò mẹ́rin àti díẹ̀.

Apẹja náà wo òṣùwọ̀n rẹ̀, ó mi orí. "Ẹja tí mo pa lánàá jù ú lọ, Nọ́ọ̀sì. Kí ni dókítà yín ń wò?"

"Ògiri," ni Meliame wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Meliame àti Màmá kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní tààrà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo Màmá láti òkè dé ilẹ̀. "Láti Fangaloto? Ẹ̀yin tí rédíò ní ẹ ò ní ọmọ tó rù? Ìwé dà?" Kò sí ìwé. "Ẹ padà sílé, Màmá. Bóyá wọ́n bí ọmọ náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

Torí náà Meliame wọ yàrá Dókítà ní Ọjọ́rú. Ó jókòó sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó fi èdè àwọn ìjòyè kí i, bó tilẹ̀ ń kan lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìwé wọ́ọ̀dù síwájú rẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i.

"Siale, ọmọ-ọmọ Kalolaine," ni Dókítà kà. "Kílò méje. Kí ló ṣe é?"

"Kílò mẹ́rin ni sà. Ẹní ló wọn mẹ́ta."

"Ta ló wọn ẹní?"

"Èmi sà. Mo tú u, mo fi òṣùwọ̀n apẹja wọ̀n ọ́n."

Dókítà fi ẹ̀yìn ti àga. Sateki, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"O wọn ẹní," ni Dókítà wí. "Àwọn bàbá ńlá wa ró ẹní pàdé ìjì, wọ́n ró o pàdé ogun, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n rí. Ìwọ, Meliame, o gbé ọ̀wọ̀ lé òṣùwọ̀n ẹja! Ṣé ọ̀wọ̀ ní kílò ni?"

"Dókítà, ọmọ náà ń kú lọ."

"Ọmọ kílò méje kì í kú! Ìwé ni ká gbàgbọ́ tàbí ẹkún?" Ó tẹ ara síwájú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Fetí sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni àmì ẹ̀yẹ. Òfo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wa. Òfo, Meliame! Ṣé o mọ bí òfo ṣe ṣòroó ní? O fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di ení nítorí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ń já àjàrà? Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, mú un wá. A ó wò ó."

"Ọjọ́ Ẹtì á pẹ́ jù fún un, sà."

"Nígbà náà," ni Bàbá Gbogbo Ọmọ Ọwọ́ wí, "kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka wa mọ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Sateki ṣí ẹnu láti sọ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Ọjọ́ méjì ni Meliame fi ń fún Siale ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ṣíbí kan sí ṣíbí kan. Ó ń gba díẹ̀, ó ń bì í. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dé láti mú Màmá Kalolaine lọ sí gbọ̀ngàn, nítorí wọ́n ti kéde pé wọ́n gbọ́dọ̀ wọn gbogbo ọmọ ìlú níwájú àlejò. Àlejò náà ni Dókítà Sisilia, obìnrin arúgbó kúkurú kan tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù ìkókó fúnra rẹ̀. Òun ni yóò fi wúrà kọ́ Penisimani lọ́rùn.

"Màmá, a ó gbé e lọ bá a," ni Meliame wí. "Mo máa sọ̀rọ̀."

"Ìwọ? Níwájú gbogbo ayé?" Màmá Kalolaine pòṣé. "Wọ́n á ní o ya wèrè. Wọ́n á ka kílò méje jáde, wọ́n á ní kó o jókòó." Ó wo ẹní ìsìnkú ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti kó sílẹ̀ dè Siale, ẹní ńlá tó nípọn bí ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ náà, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá bí ti ẹyẹ. Ó mi orí.

"Mi ò ní gbé nǹkan yìí lé e láyà mọ́. Ẹní ni dókítà yín ń fẹ́, àbí? Ẹ gbé ẹní lọ wọ̀n fún un."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú lásán. Ṣùgbọ́n Meliame dúró, ó wo ẹní náà fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ò rí ọ̀ṣọ́ rí, bí ẹ ò bá rí gbọ̀ngàn Fangaloto lọ́jọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ onífèrè dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn, àwọn fèrè bàbà ń dán wáíwáí. Ẹlẹ́dẹ̀ àyangbẹ mẹ́tàlá nà gbalaja lórí tábìlì. Dókítà Penisimani ró ẹní méjì lé ara wọn, kò lè tẹ̀ rárá, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọsirélíà, ó wá fi ìrẹ̀lẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. "Àwọn mìíràn ń fi abẹ́rẹ́ wo ọmọ," ó ní, "àwọn mìíràn ń fi oògùn. Èmi, wíwà níbẹ̀ mi nìkan ti tó!" Dókítà Sisilia kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo àwọn ọmọ, ó sì ń fún ojú pọ̀, nítorí pé kò rí wọn. Ẹní ló ń rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Sateki ń pe orúkọ, Dókítà ń ka abẹ́rẹ́, onífèrè ń fọn ẹyọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

"Siale, ọmọ-ọmọ Kalolaine!"

Meliame jáde wá. Ó gbé ẹní ìsìnkú náà mọ́ àyà, ó ká a róbótó, ó fi okùn dì í. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n jẹ́jẹ́, ó sì ká ọwọ́ kúrò. Abẹ́rẹ́ fò, ó mì, ó dúró.

"Kílò mẹ́jọ!" Ohùn Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé. "Ọmọ yìí jẹ́ méje lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó! Àwọn kan wà nínú ọ́fíìsì yìí, mi ò dárúkọ, tí wọ́n ní ọmọ yìí ń kú! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀! Ẹ wo bí ó ti jókòó tí kò ké! Ẹ wo ojú tó fi ń wò mí!"

Àwọn ìyá tó wà nítòsí na ọrùn. Wọ́n wo òṣùwọ̀n. Ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún èkejì.

"Òun ló tẹ̀wọ̀n jù lọ! Sateki, mú òdòdó wá!"

Sateki mú ẹ̀gbà òdòdó tí wọ́n ti sín fún ọmọ tó bá gbégbá orókè wá. Nítorí ọjọ́ ńlá ni, tí kámẹ́rà sì wà níbẹ̀, Dókítà ṣe ohun tí kò ṣe láti oṣù mẹ́fà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ó na ẹ̀gbà òdòdó síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọrùn.

Ó wá a lápá ọ̀tún. Ó wá a lápá òsì. Ó wo inú ẹní láti òkè.

Ẹni mìíràn ì bá ké pé, "Ọmọ dà?" Ìbéèrè tí ìyá aláìmọ̀wé kankan yóò kọ́kọ́ bi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dókítà ti yin ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti yin ojú. Ó nàró, ó gbé òdòdó náà kọ́ ẹní lórí, ó sì yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ń tijú," ni ó wí.

Onífèrè tó ń fọn fèrè ńlá kò lè fọn ún mọ́. Ẹ̀rín ti gba èémí rẹ̀. Láti ìlà iwájú ni ẹ̀rín náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn sẹ́yìn bí iná inú koríko.

Dókítà Sisilia dìde. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹní náà títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó yọ ọ́ jáde.

"Dókítà Penisimani, ọmọ dà?"

"Ó wà... ó wà nínú ibẹ̀, mà. Lábẹ́."

"Lábẹ́ kí ni?"

"Ọmọ nìyí!" Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá. Màmá Kalolaine ń bọ̀ láàárín èrò, ó wọ aṣọ ilé, kò ró ẹní, kò jókòó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Siale wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìnura. "Ẹní ọkọ mi ni ẹ ń kí kú oríire yẹn. Ó ṣeun, ó gbọ́. Ọmọ rèé o."

Ẹ̀rín dá. Dókítà Sisilia gba Siale, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òun tó jẹ́ àlejò pàtàkì. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká, kò padà.

"Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

"Láti àná ìrọ̀lẹ́, ìlédìí ẹ̀ gbẹ," ni Meliame wí. Ó ti gbàgbé èdè àwọn ìjòyè.

"Gbé e sórí òṣùwọ̀n. Níhòòhò."

Abẹ́rẹ́ tó ti ń fò láti òwúrọ̀ kò fò mọ́. Ó rọra yí, ó dúró sórí kílò mẹ́rin. Gbogbo gbọ̀ngàn ló rí i, ojú òṣùwọ̀n náà kúkú fẹ̀ bí aago ilé ìjọsìn.

"Ìwé," ni Dókítà Sisilia wí. "Fọwọ́ sí i."

Dókítà Penisimani wá kálàmù nínú ẹní méjì tó ró, kò rí i. Sateki ló yá a ní tirẹ̀. "Mà," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "òfo wa ńkọ́? Tí mo bá fọwọ́ sí i, àmì ẹ̀yẹ náà..."

"Kọ orúkọ rẹ, kí o sì yà fún mi lọ́nà." Obìnrin arúgbó náà yíjú sí àwọn ìyá. "Ẹ tú gbogbo wọn."

"Òótọ́ pọ́ńbélé, mà!" ni Sateki ké. Ẹsẹ̀ kan ti kúrò ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Wọ́n tú okùn, wọ́n ká ẹní kúrò. Ẹní ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ju ènìyàn lọ, àwọn ọmọ tó jáde nínú rẹ̀ sì kéré sí ohun tí rédíò sọ. Fonua ṣì sanra. Kò sí òfin tó lè dá tirẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Siale, mọ́kànlá ló ń rù. Wọ́n já ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù àwọn onífèrè sílẹ̀, wọ́n kó ìyá mọ́kànlá àti ọmọ mọ́kànlá sínú rẹ̀, Meliame gbé Siale jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ṣọ́ ní, "Ìwé dà?" Dókítà Sisilia yọ orí jáde. Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì.

Ẹ má rò pé wọ́n lé Dókítà Penisimani lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba kì í lé irú wọn. Ó máa ń ṣí wọn nípò ni. Ó wà ní èbúté báyìí, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹní tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun wò, bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní pákó lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kò sí ẹní tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Nínú àwọn ọmọ mọ́kànlá náà, mẹ́wàá ló padà sílé. Ìwé ìlú sọ pé ẹni kọkànlá jẹ́ kílò méje àti àbọ̀. Rédíò kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ní ti Siale, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń kán omi sínú iṣan rẹ̀, Màmá Kalolaine jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ kan ìlédìí rẹ̀ bí ẹni tó ń dá búrẹ́dì wò nínú ààrò. Ó gbẹ. Ó gbẹ. Meliame ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, á béèrè, Màmá á mi orí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Dókítà Sisilia tú ọmọ náà, ó gbé e sókè lọ́wọ́ méjèèjì láti wo bí ọrùn rẹ̀ ti ń ṣe. Siale wo ojú obìnrin arúgbó náà. Ó sì tọ̀.

Ó tọ̀ sí i láyà, ó tọ̀ sí i láṣọ, ó tọ̀ dé bàtà. Màmá Kalolaine pariwo, ó fẹ́ fi aṣọ nu ún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Dókítà Sisilia kò jẹ́ kí ó nu ún. Ó gbé ọmọ náà ga sí i, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré dé.

"Meliame," ó ní, "kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ aago tó ṣe é."